Àwo Pupa Àwọn Ará Róòmù

Ẹgbẹ́ tó gbé iṣẹ́ yìí lé mi lọ́wọ́ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ọnà àwọn ará Róòmù àtijọ́. Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí: ère tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́, ọ̀wọ̀n gàgàrà, pápá ìṣeré ńlá Colosseum. N kò ní sọ nípa ìkankan nínú wọn. Àwo ìjẹun ni mo fẹ́ sọ, àwo amọ̀ tí wọ́n ń bu ẹran àti ẹja sí, tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń fọ̀, tó ń bọ́ lọ́wọ́ fọ́, tí wọ́n sì ń kó lọ sí ààtàn.

Ìdí tí mo fi mú un kò ju ẹyọ kan lọ. Àwọn akọ̀wé Róòmù kọ ìtàn Késárì, wọ́n kọ ti àwọn ọ̀gágun, wọ́n kọ ti àwọn olówó tó ń bára wọn ṣẹjọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹrú tó ń fọwọ́ po amọ̀ wọ inú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n lórí àwo pupa tí mo ń wí yìí, a tẹ orúkọ irú ẹrú bẹ́ẹ̀ sínú amọ̀ tútù, iná sun ún le, ó sì ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì báyìí tí orúkọ náà kò tíì parẹ́.

Ìlú kan wà ní àárín Ítálì tí wọ́n ń pè ní Arretium nígbà náà. Arezzo ni wọ́n ń pè é lónìí. Ibẹ̀ ni ìran Maecenas ti ṣẹ̀ wá, olówó tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Késárì Augustus, tó sì ń bọ́ àwọn akéwì. Títí di nǹkan bí ọdún 40 ṣáájú ìbí Jésù, àwo dúdú tó ń dán ni àwọn amọ̀kòkò ibẹ̀ ń ṣe. Láàárín ọdún díẹ̀, wọ́n pa dúdú tì, wọ́n bọ́ sórí pupa. Pupa náà pọ́n fòò, ó ń dán gbinrin, ara àwo náà kò nípọn, bí èèyàn bá sì fi èékánná ta á, á dún goro. Terra sigillata ni àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri Yúróòpù ń pè é. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa pè é ní samian. Èyí tí kò ní iṣẹ́ lára wà, òun ló tilẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n èyí tó gbayì ni èyí tí àwòrán yọ lára rẹ̀: àwọn omidan tó ń jó, ọdẹ àti ajá lẹ́yìn ẹranko, Hercules pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀, àwọn abo abàmì oníyẹ̀ẹ́, ewé àjàrà tó lọ́ mọ́ra wọn, àti tọkùnrin tobìnrin lórí ibùsùn, èyí tí n kò ní ṣàlàyé níwájú àwọn ọmọdé tó wà níbí.

Fàdákà ni wọ́n ń fi amọ̀ ṣe àfarawé. Ní ilé àwọn ọlọ́rọ̀ gidi, fàdákà ni wọ́n fi ń jẹun. Ní 1895, wọ́n rí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ní Boscoreale, nítòsí òkè oníná Vesuvius: ohun èlò fàdákà tó lé ní 100, tí ẹnì kan kó pamọ́ kí òkè náà tó bú; púpọ̀ jù lọ nínú wọn wà ní Louvre ní Paris báyìí. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká irú ìyẹn ni àwọn ará Arezzo ń ṣiṣẹ́ fún: oníṣòwò, ọmọ ogun, akọ̀wé ìjọba, onílé tó fẹ́ kí tábìlì òun náà dùn ún wò. Pliny Àgbà, òǹkọ̀wé tó kú nígbà tí Vesuvius bú ní ọdún 79, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé òkìkí Arezzo kò tíì wọmi nípa àwo ìjẹun. Akéwì Martial náà ní ewì kúkúrú kan tó fi kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín wo àwo Arezzo. Ẹ ò rí i pé àwọn kan ti ń fojú tín-ín-rín wò ó ni ó fi ń kìlọ̀.

Oníléeṣẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Arezzo ni Marcus Perennius. Ṣùgbọ́n Perennius kọ́ ló ń fọwọ́ ṣe é. Orúkọ tó wà lára àwo máa ń jẹ́ méjì: ti Perennius, àti ti ẹrú tó ṣiṣẹ́ náà. Cerdo wà níbẹ̀, Pilades wà níbẹ̀, Nicephorus wà níbẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Tigranus dé, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti àwọn ọba Àméníà. Lẹ́yìn Tigranus ni Bargathes, orúkọ tó tọ́ka sí ilẹ̀ Síríà. Ẹ máa fi Bargathes yìí sọ́kàn. Ó jọ pé àwọn tí ogun àti òwò ẹrú gbá kúrò ní ìlà-oòrùn ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n sì mú ọgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn dání. Nígbà tí wọ́n bá ń yin iṣẹ́ ọnà Ítálì fún àwọn àwo wọ̀nyí, orúkọ tó wà nídìí wọn ni mo máa ń wò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ẹni tó bá ti rí àwọn tó ń fi mọ́ọ̀dù ṣe búlọ́ọ̀kù létí títì ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà. Oníṣẹ́ ọnà á kọ́kọ́ fi amọ̀ ṣe àwọn òǹtẹ̀ kéékèèké, a ó sì sun wọ́n: ọ̀kan jẹ́ kìnnìún, ọ̀kan jẹ́ ewé, ọ̀kan jẹ́ omidan tó ń fọn fèrè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yí abọ́ kan tó nípọn lórí kẹ̀kẹ́ amọ̀kòkò. Kí abọ́ yìí tó gbẹ, wọ́n á máa tẹ òǹtẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ nínú, ìlà lábẹ́ ìlà, títí inú abọ́ náà yóò fi kún fún àwòrán tó wọ inú. Wọ́n á sun abọ́ náà. Mọ́ọ̀dù nìyẹn.

Ìgbà tí wọ́n bá wá fẹ́ ṣe àwo gan-an, wọ́n á gbé mọ́ọ̀dù sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n á tẹ amọ̀ rírọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n á sì fa etí àwo náà sókè kọjá ẹnu mọ́ọ̀dù. Níbi tí ọgbọ́n pọ̀ sí nìyí: amọ̀ tó ń gbẹ a máa sún kì. Bí ó bá ti ń sún kì, á máa já kúrò lára mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni fipá fà á, gbogbo àwòrán tó wọ inú mọ́ọ̀dù á sì yọ síta lára àwo. Wọ́n á so ẹsẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Mọ́ọ̀dù kan lè bí àwo púpọ̀, ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ya àwòrán kankan sì lè máa yọ omidan tó ń jó jáde láti àárọ̀ di alẹ́.

Dídán rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ọ̀dà, kò sí gíláàsì lára rẹ̀. Amọ̀ náà ni. Wọ́n á po amọ̀ tó ní irin nínú mọ́ omi púpọ̀, wọ́n á jẹ́ kó silẹ̀. Èyí tó wúwo á lọ sísàlẹ̀, èyí tó kúnná jù lọ á léfòó. Èyí tó léfòó ni wọ́n ń ri àwo sí. Ẹni tó ń rì í á di ẹsẹ̀ àwo náà mú, fún ìdí èyí, lára ọ̀pọ̀ àwo ni ojú ìka ti hàn gbangba nítòsí ìdí, níbi tí omi amọ̀ kò dé. Èmi fẹ́ràn ojú ìka wọ̀nyẹn ju Hercules lọ.

Iná ló kù. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná, ṣùgbọ́n èéfín kò gbọ́dọ̀ kan àwo yìí rárá, torí bí èéfín bá kàn án, á dúdú. Nínú iléru ńlá tí wọ́n hú jáde ní La Graufesenque, ní gúúsù Faransé, páìpù amọ̀ ni wọ́n tò sínú, tí ooru iná igi ń gbà kọjá láìjẹ́ pé ọwọ́ iná tàbí èéfín fara kan àwọn àwo. Ooru náà ń sún mọ́ 1,000 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí atẹ́gùn bá rí àyè wọlé dáadáa, irin inú amọ̀ á di pupa. Bí ẹni tó ń ṣọ́ iná bá sùn lọ, gbogbo rẹ̀ bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan La Graufesenque tán, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ jókòó sí. Ní ìgbà Augustus, àwọn oníṣẹ́ Arezzo ti ń kó iṣẹ́ wọn jáde lọ sí ibòmíràn. Gnaeus Ateius ṣí ilé iṣẹ́ sí Pisa, òmíràn tún wà ní Lyon, ní ilẹ̀ Gaul tí à ń pè ní Faransé báyìí, kí àwo lè súnmọ́ àwọn ọmọ ogun tó wà létí odò Rhine. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gaul fi kọ́ iṣẹ́ náà. Nítòsí ìlú Millau, níbi tí odò Tarn àti odò Dourbie ti pàdé, ìletò amọ̀kòkò kan dìde láàárín òkè. Láti nǹkan bí ọdún 20 lẹ́yìn ìbí Jésù títí di nǹkan bí 120, ìletò yìí ló fi àwo bọ́ ìdajì ayé Róòmù. Òun ló gba ọjà mọ́ àwọn ọ̀gá tó kọ́ ọ lọ́wọ́.

A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ torí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Iléru kan kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò á kó àwo wọn pọ̀ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì lè tó 30,000 àwo ní sísun ẹyọ kan. Kí ìjà má baà bẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kó wọn jáde, akọ̀wé á mú àwo pẹrẹsẹ kan, á fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ ọ́ sí i lára pé: lágbájá kó irú abọ́ báyìí báyìí wá, iye rẹ̀ nìyí, tàmẹ̀dò kó ife wá, iye rẹ̀ nìyí. Wọ́n á wá ti àwo ìṣirò náà sínú iléru pẹ̀lú ìyókù. Irú ìwé ìṣirò bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti rí lé ní 100. Abbé Frédéric Hermet, àlùfáà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ìwé ńlá jáde lórí wọn ní 1934; Robert Marichal tún wọn kà ní 1988.

Èdè tó wà níbẹ̀ ló ya àwọn ọ̀mọ̀wé lẹ́nu. Lẹ́tà Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n èdè Gaul, èdè àwọn onílẹ̀, ló kún inú rẹ̀. Bí iléru bá jẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, wọ́n á kọ pinpetos. Bí ó bá jẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ, wọ́n á kọ oxtumetos. Èdè náà ti kú tipẹ́, kò fi ìwé ìtàn kankan sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń ka èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta dé ẹ̀kẹwàá, ọwọ́ àwọn amọ̀kòkò tó ń ṣírò ẹrù wọn ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn tí ìjọba Róòmù ṣẹ́gun ń fi èdè ara wọn ṣòwò ohun tí gbogbo Róòmù fi ń jẹun.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì pé ẹrù wọn rìn jìnnà, kí ó gbọ́ èyí. Ní 1881, àwọn tó ń hú ìlú Pompeii jáde kan àpótí kan nínú ilé kan. Àwo olóǹtẹ̀ láti La Graufesenque 90 ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fìtílà amọ̀ 37 láti apá àríwá Ítálì. Ẹnikẹ́ni kò tíì tú u. Àwọn àwo náà tuntun kénkén, wọ́n wà lórí ara wọn bí wọ́n ṣe dì wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn wá láti Gaul sí Ítálì, ilẹ̀ àwọn tó kọ́ àwọn ará Gaul ní iṣẹ́ náà; kí oníbàárà tó ráyè tú wọn, Vesuvius bú ní ọdún 79, eérú bo gbogbo rẹ̀. Fún awalẹ̀pìtàn, kò sí ẹ̀bùn tó ju èyí lọ. Donald Atkinson tẹ àkọsílẹ̀ wọn jáde ní 1914, láti ìgbà náà ni a sì ti mọ bí àwo tó jáde láti Gaul ṣe rí ní ọdún 79 gan-an.

Ibi tí àwo yìí ti di aago fún àwọn tó ń wa ìtàn nìyẹn. Hans Dragendorff, awalẹ̀pìtàn Jámánì kan, ló kọ́kọ́ fún oríṣiríṣi àwo náà ní nọ́ńbà, ní 1895. Nọ́ńbà 29 ni abọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ ní àárín. Nọ́ńbà 37 ni abọ́ roboto tó wá gba ipò rẹ̀ láàárín ọdún 70 sí 85 tàbí níbẹ̀ níbẹ̀. Nínú àpótí Pompeii, abọ́ nọ́ńbà 29 jẹ́ 36, abọ́ nọ́ńbà 37 jẹ́ 54: ọjà ti ń yí ojú padà nìyẹn. Títí di òní, bí awalẹ̀pìtàn bá mú àpáàdì kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ dání ní London tàbí ní Jámánì, ó lè sọ àkókò rẹ̀, nígbà míì ó lè sọ orúkọ ẹni tó ṣe mọ́ọ̀dù rẹ̀. Ní Colchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n rí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irú àwo yìí, tó jóná, pẹ̀lú gíláàsì tó yọ́ níbẹ̀. Iná ọ̀tẹ̀ tí Ọbabìnrin Boudica dì sí ìjọba Róòmù ni, ní ọdún 60 tàbí 61. Ní Arikamedu, ní gúúsù Íńdíà, Mortimer Wheeler hú àpáàdì Arezzo jáde ní 1945, ó sì fi wọ́n mọ ọjọ́ orí àwọn ìkòkò ará Íńdíà tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú wọn. Láti Arezzo dé Íńdíà kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ẹwà iṣẹ́ Arezzo kò sí lára ti Gaul; nígbà tí iṣẹ́ bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Lezoux, ní àárín Gaul, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, tí òǹtẹ̀ amọ̀kòkò Cinnamus kún ọjà, àwòrán ti ki jù lára àwo, amọ̀ ti nípọn. Wọ́n ń ṣe é kíákíá ni. Àwọn tó rà á sì fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá fọ́, wọn kì í sọ ọ́ nù bọ̀rọ̀. Wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á fi òjé so ó pọ̀, wọ́n á tún gbé e sórí tábìlì. Wọ́n á fi ọ̀bẹ kọ orúkọ ara wọn sí ìdí rẹ̀ kí ọ̀rẹ́ inú bárékè má baà gbé e. Nítorí náà, àwo kan lè ní orúkọ méjì: ẹni tó ṣe é àti ẹni tó ń jẹun nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ríra rí. Àwọn míì kò tilẹ̀ dé ọwọ́ oníbàárà: ó jọ pé ọkọ̀ kan tó kó irú ẹrù yìí rì sí etíkun Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, ó kéré tán, ni àwọn apẹja ibẹ̀ ti ń fi àwọ̀n hú àwo rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì ń lò ó nílé.

Ilẹ̀ Áfíríkà ló sì jogún iṣẹ́ náà níkẹyìn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Gaul ń kú lọ, àwọn amọ̀kòkò ibi tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí ti ń ṣe àwo pupa tiwọn láti ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kìíní. Ọkọ̀ tó ń kó àlìkámà àti òróró ólífì lọ sí Róòmù ló ń gbé àwo wọn dání. Wọ́n tà á fún nǹkan bí 600 ọdún, ju ìgbà tí Arezzo àti La Graufesenque lò pa pọ̀ lọ fíìfíì. Wọ́n ń tẹ àgbélébùú àti ẹja sí i nígbà tí ìsìn Kristi gbilẹ̀. Wọ́n ti rí i ní Íjíbítì, wọ́n ti rí i ní Tintagel ní ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rí i nínú ibojì àwọn Garamantes ní aṣálẹ̀ Líbíà. Àwọn Vandal gba Carthage, olú ìlú ibẹ̀, ní 439, iṣẹ́ náà kò dúró. Ìgbà tí àwọn Lárúbáwá gba ìlú náà ní 698 ni ó ń kógbá sílé. N kò ní fi irọ́ so ó mọ́ Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ kí ẹ lè pàtẹ́wọ́. Kò kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé tó bá ń sọ ìtàn àwo Róòmù tí kò dé Tùnísíà, ìdajì ìtàn ni.

Ó ku bí ayé ṣe tún rí wọn. Ní 1282, Restoro, ará Arezzo, kọ ìwé kan nípa bí ayé ṣe rí, ó sì ya orí kan sọ́tọ̀ fún àpáàdì tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń hú jáde bí wọ́n bá ń gbẹ́lẹ̀. Ó ní orí àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà ń wú, wọn kò gbà pé ọwọ́ èèyàn ló ṣe irú rẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n sì ń fọ́ ọ dànù. Ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, amọ̀kòkò kan ní Arezzo, tó jẹ́ bàbá bàbá Giorgio Vasari, òǹkọ̀wé ìtàn àwọn ayàwòrán, kan iléru àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀, ó rí àwo mẹ́rin tí kò fọ́, ó sì fi wọ́n ta Lorenzo de' Medici, aláṣẹ ìlú Florence, lọ́rẹ. Áńgẹ́lì kọ́ ló ṣe wọ́n, ọba kọ́ sì ni.

Bargathes ńkọ́? Òǹtẹ̀ rẹ̀ sọ ọ́. Níbẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Perennius, bí ẹrú ṣe ń jẹ́. Nígbà tó yá, ó di Marcus Perennius Bargathes, orúkọ ẹni tí wọ́n ti dá sílẹ̀ lóko ẹrú, tó gba orúkọ ìdílé olúwa rẹ̀ mọ́ tirẹ̀. Kò sí ìwé kankan tó ròyìn ọjọ́ tó di òmìnira. Àwo ló ròyìn rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní London, tàbí tí ẹ̀yin fúnra yín ń lọ síbẹ̀, ẹ wọ British Museum lọ; wọn kì í gba owó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kí wúrà àti fàdákà dá yín dúró pẹ́. Ẹ wá àwọn àwo pupa lọ, kí ẹ sì ka orúkọ tó wà lára wọn sókè.